Ẹlẹ́dẹ̀ Kọ́ Òkè Gígùn

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ mi. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi pọ́n àpáta, ó bá Ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá Ewúrẹ́ ló ń kọ́ àwọn ẹranko ní bí a ṣe ń gun òkè. Ẹlẹ́dẹ̀ àti Ehoro lọ bá a. Ehoro rẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, ikùn yìí lẹ fẹ́ gbé gòkè?"

Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, wọ́n kọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń wá ibi tó dúró ṣinṣin láti tẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kọ́ bí ẹni méjì ṣe ń so okùn kan mọ́ ìbàdí. Lọ́jọ́ kẹta, Ẹlẹ́dẹ̀ àti Ehoro so okùn kan náà mọ́ ìbàdí, wọ́n sì gbéra tẹ̀lé Ìyá Ewúrẹ́. Ẹlẹ́dẹ̀ ń kọ orin tí Ìyá Ewúrẹ́ kọ́ wọn. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kejì,
*Rọra gùn ún!*
Di okùn mú, má sáré,
*Rọra gùn ún!*

Ehoro kò kọrin. Ó fò, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó jábọ́!

"Mo kú o!"

Kíá, Ẹlẹ́dẹ̀ fi gbogbo ara jókòó. Ó fẹsẹ̀ ti àpáta, ó di okùn mú títí Ìyá Ewúrẹ́ fi fa Ehoro gòkè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù kò bà yín ni?"

"Ó bà mí gan-an, àbúrò. Ṣùgbọ́n ìwọ lo wà ní ìkángun okùn náà."

Ibẹ̀ ni mo ti fi wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, irú Ẹlẹ́dẹ̀ yẹn ni kí ẹ bá so okùn.