Àpò Àbọ̀ Ọ̀jẹ́dìran

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ òwe yìí rí. Ọmọ tó lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó kọ̀ tí kò fẹ́ padà, òun la fi ń pè é wálé. Ṣùgbọ́n ẹ ti bi ara yín léèrè rí ta ni onílé ọ̀hún, àti ohun tó fẹ́ dí i lọ́nà ilé? Àwọn tó rò pé ìgbádùn ni kò gbọ́ ìtàn náà tán. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́. Kò gùn.

Láyé ìgbà tí a ń fi owó ẹyọ ná ọjà, àgbẹ̀ kan wà ní Ìdí-Apá tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀jẹ́dìran. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kì í ṣe àpà. Ilẹ̀ dúdú ni oko rẹ̀, ẹ̀bá ìṣàn omi kan ló wà, iṣu ibẹ̀ a sì máa tóbi bí itan àgbàlagbà. Ilẹ̀ ẹbí ni. Látúnjí, ọmọ àbúrò baba rẹ̀, ti ń wo ilẹ̀ yìí tipẹ́. Kò fi bò. Bó bá ń kọjá lọ, á dúró, á fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, á ní, "Ilẹ̀ yìí mà dára o," á sì bá tirẹ̀ lọ.

Àṣà kan wà ní Ìdí-Apá. Bí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá ti rọ̀, ọjọ́ ọjà tó bá tẹ̀lé e ni ọjọ́ ìdúró. Lọ́jọ́ náà baálẹ̀ á rìn láti oko dé oko. Ó gbọ́dọ̀ bá olúkúlùkù lórí ilẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Ilẹ̀ tí kò bá bá ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, á fún ẹni tó bá kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀ nínú ẹbí. Ẹnì kan kì í dúró fún ẹnì kejì. Ìyàwó kì í dúró fún ọkọ. Àìsàn nìkan ni wọ́n ń gbọ́, wọ́n á sì wá wò ó lórí ẹní.

Nígbà tí Ọ̀jẹ́dìran ń fẹ́ Àwẹ̀ró sọ́nà, ó ṣèlérí pé òun á mú un lọ wo ìjàkadì Ìlọ̀dó. Ìlọ̀dó ni àwọn oníjàkadì gbogbo ìlú agbègbè ń pàdé ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn. Ọdún kìíní ìgbéyàwó wọn, iṣu kò ta. Ọdún kejì, iṣu ta dáadáa.

"Ọdún yìí ni," Ọ̀jẹ́dìran wí.

Ó mú àpò mẹ́ta. Ó kó owó ẹyọ sí wọn níṣojú ìyàwó rẹ̀. Àpò kìíní ni ti àlọ: oúnjẹ ọ̀nà, owó oníbodè, ibi tí wọ́n á sùn. Àpò kejì ni ti ìgbádùn. Àpò kẹta ni ti àbọ̀. Nígbà tó kó ti àlọ tán, ó ka iye kan náà sínú ti àbọ̀, ó so ó pa.

Àwẹ̀ró wò ó. "Iye kan náà ni?"

"Ọ̀nà kan náà ni," ọkọ rẹ̀ dáhùn. "Ẹsẹ̀ kan náà sì ni."

Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Àwẹ̀ró gbà. Wọ́n gbéra.

Wọ́n rìn dé odò Ọlọ́wẹ̀ nírọ̀lẹ́. Omi rẹ̀ kò dé orúnkún. Wọ́n ká aṣọ sókè, wọ́n rìn ín kọjá, Àwẹ̀ró ń rẹ́rìn-ín nítorí pé òkúta rín in lẹ́sẹ̀. Àwọn onígbá tó ń gbé ènìyàn kọjá odò kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sí ẹni tó béèrè ẹyọ owó kan lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n wọ Ìlọ̀dó.

Ilé Ògúngbàmí, ọ̀rẹ́ Ọ̀jẹ́dìran, ni wọ́n dé sí. Ìlọ̀dó dùn. Àwọn géńdé ń gbé ara wọn ṣánlẹ̀, eruku ń sọ, àwọn arúgbó ń bú ẹni tó ṣubú bíi pé àwọn ló bí i. Àwẹ̀ró ra ọpọ́n ọlọ́nà kan tó gbé lé orí rìn káàkiri. Ọ̀jẹ́dìran ná àpò kejì tán, kò sì fọwọ́ kan ìkẹta. Ìbàdí rẹ̀ ló so ó mọ́. Bó bá ń sùn, ó wà níbẹ̀.

Ògúngbàmí fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Ọ̀jẹ́, kí ló wà nínú àpò yẹn? Ṣé ìdodo rẹ ni?"

"Àbọ̀ mi ni."

"Àbọ̀! Ẹni tí kò tíì jẹun yó ń ka àwo tí yóò fọ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀jẹ́dìran náà rẹ́rìn-ín. Kò tú àpò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀. Kò fi àmì kankan hàn tẹ́lẹ̀. Ó kàn rọ̀, ó sì ń rọ̀, títí ojúde fi di omi. Ọ̀jẹ́dìran dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Ó mọ̀ pé òjò kan náà ló ń rọ̀ sórí Ìdí-Apá. Ọjọ́ kejì ọ̀túnla ni ọjọ́ ọjà.

"Ọ̀la la ń lọ," ó wí fún Àwẹ̀ró.

Ògúngbàmí gbọ́. "Ọ̀la? Ọ̀la tí Akíntúndé fẹ́ bá ọmọ ará Ìpólé pàdé? Ọ̀la tí gbogbo ayé ń dúró dè? Ọ̀jẹ́, ìrìn ọjọ́ méjì ni ilé rẹ. Bí o bá gbéra ní ọ̀túnla, o ó bá ọjọ́ ọjà. Àbí o kò mọ ọjọ́ kà?"

Ọ̀jẹ́dìran kà á. Ó tọ́. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀. Àwẹ̀ró kò sọ pé kí wọ́n lọ, kò sọ pé kí wọ́n dúró, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti wà ní pápá ìjàkadì. Wọ́n dúró.

Akíntúndé gbé ọmọ Ìpólé ṣánlẹ̀. Ariwo náà gba ìlú. Òjò tún rọ̀ lé e lórí.

Kí ojú tó mọ́ dáadáa lọ́jọ́ kejì ìjàkadì náà, wọ́n ti san owó oníbodè láti inú àpò kẹta, wọ́n ti wà lójú ọ̀nà. Ẹrẹ̀ mú wọn lẹ́sẹ̀.  Ó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ nígbà tí wọ́n gbọ́ Ọlọ́wẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ kí wọ́n tó rí i.

Odò ti kún. Ó pupa, ó ń gbé igi lọ. Níbi tí wọ́n gbà rìn kọjá, omi ti bo ewé igi. Àwọn onígbá ti dé sí bèbè. Igbá ràgàjì ni wọ́n fi ń gbé ènìyàn kọjá nígbà òjò: èrò á dì í mú ní ẹ̀gbẹ́ kan, onígbá á dì í mú ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹrù á wà láàárín, onígbá á sì máa fi ẹsẹ̀ wa omi.

Ọ̀jẹ́dìran tọ àgbà wọn lọ. "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá."

"Òo. Ẹ kú àbọ̀ láti ìdí ìran."

"Bàbá, a rìn ín kọjá nígbà tí à ń lọ. Omi kò dé orúnkún."

"Lọ́jọ́ yẹn, ta ló gbowó lọ́wọ́ rẹ?"

"Kò sí."

"Ó dáa. Ọjọ́ yẹn ti lọ."

Ó dárúkọ iye tó dá lé orí ẹnì kan. Ọ̀jẹ́dìran tú àpò àbọ̀ sórí ewé. Kò ní láti kà á. Ó ju ti ẹnì kan lọ díẹ̀. Kò dé ibi tí ti ẹni méjì wà.

Ó gbé ọpọ́n Àwẹ̀ró síwájú. "Ẹ gba èyí kún un."

Onígbá fi ìka kàn án gbà, gbà. "Igi gidi ni. Ṣé ó lè gbé ọ kọjá?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín.

"Ilé mi kún fún ọpọ́n, ọmọ mi. Gbogbo ẹni tí Ìlọ̀dó bá dùn mọ́ ló ń gbé ọpọ́n wá bá mi. Àwọn ọmọ mi kì í sì í jẹ igi."

Ọ̀jẹ́dìran wo odò. Kò mọ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ó wo ọ̀nà Ìlọ̀dó lẹ́yìn. Bó bá padà lọ yáwó lọ́wọ́ Ògúngbàmí, ọjọ́ ìdúró á kọjá. Lójú inú rẹ̀, ó rí gìgísẹ̀ Látúnjí lórí ilẹ̀ dúdú náà. 

"Ẹ lọ," Àwẹ̀ró wí.

"Kí n fi ọ́ sílẹ̀ létí odò?"

"Orí ilẹ̀ lẹ ń lọ dúró. Èmi ò lè bá yín dúró níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Wọ́n á ní mo fi ìyàwó mi há odò lẹ́nu."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wí. Bí ilẹ̀ bá lọ, kí lẹ ó fi bọ́ ìyàwó?"

Ìyá arúgbó kan ń ta ẹ̀kọ lábẹ́ àtíbàbà níbẹ̀. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Ìyá, mo lè lọ ọkà. Mo lè sẹ́ ògì. Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé di ìgbà tí ọkọ mi bá padà."

Arúgbó náà wo ọwọ́ rẹ̀ kó tó wo ojú rẹ̀. Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀jẹ́dìran kó ìyókù owó náà lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́. Ó wọ omi. Odò fẹ́ já igbá gbà lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ìtì igi kan fò kọjá létí rẹ̀. Ó di igbá mú, kò wẹ̀yìn. Ẹ̀rù odò kọ́ ló jẹ́ kó má wẹ̀yìn.

Ó rìn títí òkùnkùn fi dá a dúró. Ó jókòó sídìí igi kan, ebi ń pa á. Nígbà tí ẹyẹ àkọ́kọ́ ké, ó dìde, ó rìn títí ó fi dé ìlú. Ó yà nílé mú ọkọ́, kò mu omi, ó sáré.

Baálẹ̀ àti àwọn àgbà ti kúrò ní oko tó kángun sí tirẹ̀, wọ́n ń bọ̀. Látúnjí wà létí ààlà, ọkọ́ ti wà léjìká rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti là láti tọrọ. Ọ̀jẹ́dìran gba àárín wọn kọjá. Ó fi ọkọ́ lé ilẹ̀, ó dúró. Ẹrẹ̀ bò ó dé itan.

Látúnjí pa ẹnu dé. Ó rọra sọ ọkọ́ kalẹ̀ láti èjìká.

Baálẹ̀ wo ẹrẹ̀ náà. "Wọ́n ní o lọ sí Ìlọ̀dó."

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá."

"Ó dùn?"

"Ó dùn, bàbá."

"Kí ló dé tí o kò jókòó síbẹ̀?"

"Àjò kì í dùn kí onílé má relé, bàbá."

Àwọn àgbà mi orí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n baálẹ̀ kò tíì kúrò. Ó wo ẹ̀yìn Ọ̀jẹ́dìran, ó wo ọ̀nà.

"Onílé dé," ó wí. "Ilé dà? Àwẹ̀ró dà?"

 Ọ̀jẹ́dìran na ọwọ́ sí ọ̀nà odò. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Látúnjí pàápàá kò rẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ fi ọ̀pá kan ilẹ̀, ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó sì kọjá lọ.

Lọ́jọ́ náà gan-an, Ọ̀jẹ́dìran ta ìdajì iṣu tó fẹ́ gbìn. Látúnjí ló rà á. Ó sì yọ owó rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa, nítorí ó mọ ohun tí Ọ̀jẹ́dìran fẹ́ fi owó náà ṣe. Ìdajì ilẹ̀ dúdú náà ṣófo lọ́dún yẹn.

Nígbà tí igbá gbé e kọjá dé etí odò lọ́hùn-ún, Àwẹ̀ró ń sẹ́ ògì. Ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgúnpá. Kò dìde.

"Ilẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà."

"Ẹ kú àbọ̀." Ó ṣan ọwọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́kọ, ó gbé ọpọ́n rẹ̀ rù.

"Orí méjì, ẹrù kan," àgbà onígbá wí.

Ọ̀jẹ́dìran san án. Kò dúnàádúrà.

Láti ọdún náà, bí ẹnikẹ́ni ní Ìdí-Apá bá fẹ́ rìnrìn-àjò fàájì, tó wá dágbére fún Ọ̀jẹ́dìran, kì í béèrè ibi tó ń lọ. Òwe yẹn ló máa ń pa, á sì ní kí wọ́n fi àpò àbọ̀ han òun. Bí ó bá bá ti àlọ dọ́gba, á ní kí wọ́n padà lọ kún un. Òun àti Àwẹ̀ró tún lọ sí Ìlọ̀dó nígbà tó yá. Àpò àbọ̀ tí ó dì lọ́jọ́ náà tóbi ju ti àlọ lọ. Àwẹ̀ró wò ó, ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà ó so owó igbá tirẹ̀ mọ́ etí ìró ara rẹ̀. Ọ̀jẹ́dìran rí i. 

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọ̀pọ̀ ló ń pa á fún ẹni tí ìgbádùn ti mú gbàgbé ilé, kò sì burú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kì í dúró di ìgbà náà. Wọ́n ń pa á fún ẹni tó ṣì ń di ẹrù, tó ń ṣírò ohun tí yóò jẹ àti ohun tí yóò rà. Ohun tí wọ́n ń bi í ni pé, bí odò bá kún, èló ni yóò gbé gbogbo yín kọjá?