Òṣèré Tí Wọ́n Ní Kó Sọ̀rọ̀ Bíi Ti Ilé

Ọkùnrin kan wà, òṣèré ni. Ó ti wà nídìí iṣẹ́ náà láti ìgbà tí àwọn òṣèré ti ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ti ìlú kan dé ìlú mìíràn, tí ìtàgé wọn kì í ju pákó tí wọ́n tò sórí àgbá lọ. Ẹgbẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́ kò tóbi. Ọ̀gá kan ló ni ín. Àwọn ọkùnrin díẹ̀ wà níbẹ̀, àwọn obìnrin tó ń kọrin, àti ìyàwó òṣèré yìí, ẹni tó ń rán aṣọ eré tó sì ń dáná fún gbogbo wọn.

Bí wọ́n bá wọ ìlú lọ́sàn-án, wọn á dúró sórí ọkọ̀, wọn á máa pariwo eré wọn káàkiri àdúgbò. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn á tan àtùpà gáàsì sínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́, èrò á sì wọlé. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde nígbà náà. Ohùn tí Ọlọ́run bá fún ọ ni wàá fi ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ń dánra wò, ọ̀gá wọn a máa lọ jókòó sórí àga tó gbẹ̀yìn pátápátá, lẹ́bàá fèrèsé. Tí kò bá gbọ́ ohun tí ẹnì kan sọ, á ní, "Èmi tí mo jókòó síbí ńkọ́? Ṣé ọ̀fẹ́ ni mo wọlé ni?" Wọn á rẹ́rìn-ín, ẹni náà á sì tún un sọ.

Ọkùnrin yìí kò jẹ́ kí wọ́n bi òun ní ìbéèrè yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ti ohùn láti ìsàlẹ̀ ikùn wá. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú tí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn á fi mọ̀ pé ẹkún ló ń bọ̀. Ipa tí wọ́n ń fún un jù lọ ni ipa ọkọ rere. Bí ìyàwó inú eré bá ń ṣàìsàn, òun ni yóò kúnlẹ̀ tì í lórí ẹní, tí yóò máa pe oríkì rẹ̀, tí yóò máa bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi òun sílẹ̀ láyé. Àwọn obìnrin tó wá wòran a máa fi ìborùn nu ojú. Bí eré bá parí, wọn á dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọkọ Àpọ́nlé, ẹ wá bá wa kọ́ tiwa nílé o."

"Ọkọ Àpọ́nlé, ṣé ẹ ò ní fẹ́ kún un ni? Èmi ò ní ìjà."

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ yìí ṣe mọ́ ọn lára. Ó ń dé ìlú tí wọn kò mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n tí ọmọdé wọn mọ Ọkọ Àpọ́nlé. Ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé, níbi tó ti ń rán bọ́tìnnì tó já mọ́ ẹ̀wù ẹni tó kàn.

Kì í ṣe ènìyàn burúkú o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Kò lu obìnrin náà rí. Kò fi ebi pa á. Kò ní àlè. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé nígbà tó bá fi máa délé, ó ti sọ̀rọ̀ tán. "Omi dà?" "Ta ló gbé bàtà mi kúrò níbí?" "Mo ti gbọ́." Ọ̀rọ̀ tó ń bá a sọ láti òwúrọ̀ di alẹ́ nìyẹn, kì í sì í wo ojú rẹ̀ bó bá ń sọ ọ́, bí ẹni tó ń bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀. Àwẹ̀ró ni oríkì obìnrin yìí. Nígbà tí wọ́n ṣì jẹ́ ọkọ àti ìyàwó tuntun, ó ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n bímọ, ó di Ìyá Gbádé. Nígbà tó tún pẹ́ díẹ̀ sí i, ó di "Ìwọ dà?"

Ọkùnrin náà kò rí nǹkan kan tó burú níbẹ̀. Lójú tirẹ̀, ilé ni ilé, iṣẹ́ ni iṣẹ́. Alágbẹ̀dẹ kì í gbé ewìrì wọ yàrá. Ohùn ni ọjà tí òun ń tà, kí ni òun yóò ṣe máa fọ́n ọn ká nílé?

Ayé wá yí padà. Sínimá dé. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ wo àwòrán tó ń rìn tó ń sọ̀rọ̀ lára aṣọ funfun, gbọ̀ngàn tí kì í gba èrò tán tẹ́lẹ̀ sì di ibi tí àga ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ọ̀gá wọn darúgbó. Ó tú ẹgbẹ́ ká, ó gba abúlé rẹ̀ lọ. Nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣeré, àwọn kan di awakọ̀, àwọn kan ń ṣe bíríkìlà. Ọkọ Àpọ́nlé kò mọ iṣẹ́ mìíràn, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì í ṣe ti ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mọ́. Ó jókòó sílé, kò sí ẹni tó pè é.

Nígbà tí ẹnì kan wá ránṣẹ́ sí i pé àwọn fẹ́ ṣe sínimá, pé àwọn ń wá ẹni tí yóò ṣe ọkọ inú ìtàn náà, ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Bí òun bá rí ipa yìí gbà, òṣèré ṣì ni òun. Bí ó bá bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́, ó parí. Ó ju agbádá rẹ̀ sí Ìyá Gbádé lórí itan. "Bá mi lọ̀ ọ́," ló wí. Kò sọ ibi tó ń lọ. Ọ̀dọ̀ ará ilé kejì ni obìnrin náà ti gbọ́.

Inú yàrá kan ni wọ́n ti ń ya sínimá náà. Ọmọbìnrin tó ń ṣe ìyàwó dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì bí aláìsàn. Kámẹ́rà wà nítòsí, ẹni tó na ọwọ́ lè kàn án. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni olùdarí wọn, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́, ó sì mọ àgbà.

Ọkọ Àpọ́nlé kúnlẹ̀. Ó fa èémí. Ó sì fi ohùn tó ti ń gbé e káàkiri látọjọ́ yìí pe oríkì ìyàwó inú eré náà. Adìyẹ tó wà lójúde fò. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ já ohun tó dé sí etí sọnù. Ọmọbìnrin orí bẹ́ẹ̀dì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá," ló wí, "ibà ló ń ṣe mí o, etí mi ò di. Ẹ sì ti fi itọ́ wẹ̀ mí."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Olùdarí ní, "Bàbá, kò sí ẹnikẹ́ni lọ́nà jíjìn níbí. Kámẹ́rà yìí ni gbogbo èrò, ẹ̀gbẹ́ yín ló sì jókòó sí."

Ó tún un ṣe. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ àtijọ́, ó ń yọ, ó ń fẹ̀, ipéǹpéjú ń gòkè ó ń sọ̀. Olùdarí ní, "Ẹnu yín ti dákẹ́, Bàbá, ojú yín ló kù tó ń pariwo." Ó tún un ṣe. Èyí dà bíi ti ẹni tó ń sọ àṣírí fún gbogbo ọjà. Fíìmù tí wọ́n ń ki bọ kámẹ́rà wọ́n, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ṣòfò, oòrùn tí wọ́n sì ń lò láti ojú fèrèsé ti ń yẹ̀. Olùdarí wá lóṣòó tì í.

"Bàbá, ẹ gbàgbé eré. Ẹ má ṣe nǹkan kan rárá. Ẹ ní ìyàwó nílé, àbí?"

"Mo ní."

"Ó tán nìyẹn. Bí ẹ ṣe ń bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀ nílé ni kí ẹ ṣe bá ẹni yìí sọ̀rọ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ara ọkùnrin náà balẹ̀. Ohun tó rọrùn nìyí, ó wí lọ́kàn ara rẹ̀. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó la ẹnu.

"Ṣé o ti jí?"

Ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ló ń wò.

"Oògùn ẹ nìyẹn."

Ó wá há síbẹ̀. Ó ń wá ọ̀rọ̀ tó kàn. Oríkì ló kàn, ẹ̀bẹ̀ ló tẹ̀lé e, ó sì mọ̀ wọ́n lórí. Ṣùgbọ́n kò rí wọn nínú ohùn yìí. Ó wá wọn káàkiri, wọn kò sí níbẹ̀. Ìró kámẹ́rà nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Olùdarí ní kí wọ́n dá a dúró. Ó rọra sọ ọ́. "Bàbá, mo ní bí ẹ ṣe ń bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀ ni o."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe sọ ọ́," ọkùnrin náà dáhùn.

Kò sí ẹni tó bú u. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Olúkúlùkù wá nǹkan tó ń fi ọwọ́ tún ṣe. Èrò ti hó lé e lórí rí nínú gbọ̀ngàn, ìyẹn kò sì dùn ún tó báyìí. Wọ́n ní kó lọ sinmi, kó padà wá ní ọjọ́ kejì.

Lójú ọ̀nà, ó rò ó bí òṣèré ti ń rò ó. Ipa tí ènìyàn kò bá mọ̀, ṣebí à ń kọ́ ọ ni. Òun yóò kọ́ ọ. Ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń kó aṣọ tó gbẹ kúrò lórí okùn. Ó dúró tì í. Ó mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó mú ojú rẹ̀ dúró.

"Àwẹ̀ró," ló wí. "Ó ti rẹ̀ ẹ́. Gbé e sílẹ̀, wá jókòó. Bí kì í bá ṣe ìwọ, ibo ni ǹ bá wà?"

Obìnrin náà di aṣọ mú, ó sì fetí sí i títí ó fi parí, bó ti máa ń ṣe lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

"Ó dáa," ló wí. "Ó dáa gan-an. Ẹ kàn yára níbi 'ó ti rẹ̀ ẹ́' ni. Ta ni wọ́n fún yín bí ìyàwó níbẹ̀?"

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò korò. "Bàbá Gbádé, èmi ni mò ń rán aṣọ yín. Mo mọ̀ bí ẹ bá ti wọ̀ ọ́." Ó sì ń ká aṣọ rẹ̀ lọ.

Ọkùnrin náà kò lè jiyàn, nítorí òótọ́ ni, ìdánrawò ló wá ṣe. Ó jókòó sórí òkúta tí wọ́n ń fọṣọ lé. Nígbà tó tún la ẹnu, ohun tó jáde kò lẹ́wà rárá.

"Kí lo ṣe láti àárọ̀?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"N kò mọ̀ ọ́n ni. Mo rò ó lọ́nà, mo rí i pé n kò mọ̀ ọ́n."

Ìyá Gbádé wò ó. Ó wá sọ fún un, ọ̀rọ̀ kéékèèké, láì dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní òun lọ kí ará ilé kejì, pé ara ọmọ ẹni náà ń gbóná. Ó ní òun bá wọn gbá ilé ìjọsìn. Ó ní ojú ń dun òun, pé ó ti pẹ́ tí òun kò ti rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, àwọn ẹlòmíràn ló ń bá òun ki òwú bọ̀ ọ́.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ọ̀gá yín kò tíì tú ẹgbẹ́ ká."

Ọkùnrin náà ti wọ gbogbo aṣọ tí obìnrin náà rán láti ìgbà náà. Kò mọ̀.

Ó padà lọ ní ọjọ́ kejì, ó sì gbìyànjú, ṣùgbọ́n kò tó. Ohun tí kò sí nílé láti ọdún pípẹ́ kì í dé lóru ọjọ́ kan. Wọ́n fún ẹlòmíràn ní ipa ọkọ. Wọ́n fún òun ní ipa baálẹ̀ tó ń dúró lójúde tó ń jágbe mọ́ àwọn ará abúlé, ó sì ṣe é dáadáa. Ìgbà tí sínimá náà jáde, àwọn obìnrin tó mọ̀ ọ́n látijọ́ ń bi ìyàwó rẹ̀ léèrè.

"Ọkọ Àpọ́nlé wa ńkọ́? A ò rí i kó ṣe ọkọ mọ́."

"Ó wà nílé," obìnrin náà a dáhùn. "Iṣẹ́ ló ń kọ́."

Ìwọ arákùnrin mi, ìwọ arábìnrin, tí wọ́n ń pè síwájú ìjọ kí o wá gbàdúrà, tí àmín rẹ ń mi òrùlé, ìwọ ni mo pa àkàwé yìí fún. Àwọn tó ń gbọ́ ọ níta ń sọ pé ọ̀rọ̀ tútù ń bẹ lẹ́nu rẹ. N kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n bí Olúwa bá wí fún ọ lónìí pé, "Fi àdúrà ẹlẹ́wà yẹn sílẹ̀ ná, bá mi sọ̀rọ̀ bí o ṣe ń bá ẹni tó bu oúnjẹ fún ọ láàárọ̀ yìí sọ̀rọ̀," kí ni yóò jáde lẹ́nu rẹ?

Má sáré délé lọ máa fi ohùn dídùn kí àwọn ará ilé rẹ. Wọ́n mọ ohùn yẹn, wọ́n ti ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn rẹ tipẹ́, wọn yóò sì bi ọ́ pé ta lo ń dánra wò fún. Wá ohun kan tí o kò mọ̀ nípa wọn. Bi wọ́n léèrè. Lẹ́yìn náà, pa ẹnu mọ́, kí o sì gbọ́ wọn títí wọn yóò fi parí.