Yàrá Tí Wọ́n Ní Kò Gba Òfì àti Ìyá

"Àyè kì í há adìyẹ kó má dé ìdí àba rẹ̀." Kò sí ọmọ Yorùbá tó ti gbọ́n díẹ̀ tí kò tíì gbọ́ òwe yìí rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé, ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé agídí adìyẹ ni òwe náà ń sọ. Wọ́n ní adìyẹ tó bá fẹ́ yé ẹyin, bí ẹ fi igi dí ọ̀nà mọ́ ọn, yóò fi orí wọ ọ́ ni. Bí a ti gbọ́ ìtàn náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ agídí. Yàrá kan ló bí i, ìṣísẹ̀ mẹ́fà ní gígùn, ìṣísẹ̀ mẹ́rin ní ìbú, àti obìnrin ahunṣọ kan tí ìdí rẹ̀ kò balẹ̀ nínú yàrá náà fún ọjọ́ mẹ́jọ gbáko.

Àwẹ̀ró ni orúkọ obìnrin náà. Kíjìpá, aṣọ òwú tó nípọn, ló ń hun, lórí òfì àwọn obìnrin tó máa ń dúró gbọọrọ ti ara ògiri. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ìgbà òjò méjì sẹ́yìn, wọn kò sì tíì bímọ kí ó tó lọ. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Oyèwọlé, nìkan ló kù sí i lọ́wọ́. Ojú ìyá náà ti fọ́. Orúnkún ọ̀tún rẹ̀ kò lè ká fúnra rẹ̀ mọ́; ọwọ́ méjèèjì ló fi ń fa ẹsẹ̀ náà mọ́ra bí ẹni ń fa igi ìdáná. Àwẹ̀ró kò ní oko. Aṣọ tó bá hun ló ń di iṣu, òun ló ń di epo, òun náà ló ń di iyọ̀ inú ọbẹ̀ àwọn méjèèjì.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, iná ìgbẹ́ ya wọ agbo ilé wọn. Yàrá mẹ́sàn-án ló jó, òrùlé wọn di eérú kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Àwẹ̀ró pọn ìyá ọkọ rẹ̀ jáde. Kò ní ọwọ́ mìíràn tí yóò fi gbé òfì. Bí iná náà ti jó ilé ló jó gbogbo koríko ìgbẹ́, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni yóò fi bo ilé títí òjò yóò fi rọ̀ tí koríko yóò tún hù. Látúndé, ọmọ ìyáálé Ìyá Oyèwọlé, ni baálé agbo ilé náà. Ó há gbogbo ènìyàn mọ́ ibi tí iná kò dé. Àwọn ọkùnrin ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́ ń sùn láàárín wọn. Yàrá tí wọ́n ti ń kó èlùbọ́ sí tẹ́lẹ̀ ló fún Àwẹ̀ró àti ìyá.

Àwẹ̀ró fi ọjọ́ mẹ́ta gbẹ́ igi òfì tuntun. Ní ọjọ́ tó gbé e wọ yàrá, Látúndé dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó wo òfì, ó wo ẹní ìyá, ó wo àmù omi.

"Àwẹ̀ró, kí lèyí?"

"Òfì ni, bàbá."

"Mo rí i pé òfì ni. Níbo ni ìyá yóò sùn?"

"Mo ń wá àyè sí i, bàbá."

"Àyè tí ò sí lò ń wá. Yàrá yìí kò gba òfì àti ìyá. Mú ọ̀kan." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, nítorí kì í ṣe ìkà ènìyàn. "Ọjọ́ kẹsàn-án òní ni ọjà ńlá. Àwọn èrò ìlú tí Oyèwọlé ń gbé yóò wá. Bí n kò bá rí àyè fún àwọn méjèèjì lọ́jọ́ náà, wọn yóò gbé ìyá lọ bá ọmọ rẹ̀."

Oyèwọlé ni àkọ́bí ìyá, ìrìn ọjọ́ méjì sì ni ìlú tó ń gbé. Ìyá ti gbé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ fọ́. Oyèwọlé àti ìyàwó rẹ̀ a máa jí lọ sí oko, wọn a sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ìyá kí ó má baà rìn lọ já sínú kànga. Wọn a gbé omi kan àti iṣu sísè kan tì í, ó di ìrọ̀lẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ìlú náà, ohun kan ṣoṣo ni ìyá máa ń wí: "Ọjọ́ mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Ohùn àkùkọ ni mo fi ń kà á."

Síbẹ̀, bí Látúndé ti kúrò níbẹ̀, ìyá náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Àwẹ̀ró, jẹ́ kí n lọ. Òfì ló ń bọ́ ọ."

"Òfì ló ń bọ́ mi lóòótọ́, ìyá. Ta ni n ó máa bá jẹ oúnjẹ náà?"

Láti ìgbà náà ni Àwẹ̀ró kò ti jókòó mọ́. Kò lè hun aṣọ níta: oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ a máa gbẹ òwú títí yóò fi já, ewúrẹ́ a sì máa jẹ èyí tó bá kù. Inú yàrá náà ló gbọ́dọ̀ gbà á. Lọ́jọ́ kìíní, ó gbé òfì sí ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn nítorí ìmọ́lẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fi èjìká kọlù ú nígbà tó ń gbé omi wọlé. Fọ́nrán òwú mọ́kànlá já. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e sí ògiri ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, kò mọ òwú aró yàtọ̀ sí funfun. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé e sí àárín yàrá, ó tẹ́ ẹní ìyá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ìyá tó lè jáde lọ tọ̀, ó ní láti rákòrò gba abẹ́ òwú. Ó sì rákòrò, kò ráhùn, ìyẹn ló dun Àwẹ̀ró jù. Lọ́jọ́ kẹrin, ó kó gbogbo ẹrù síta, ó gbá yàrá, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn wọlé, ó sì ti òfì mọ́ ògiri ẹ̀gbẹ́. Ìyàwó Látúndé, tó ń ṣa ẹ̀wà nínú àgbàlá, rí i tó gbé àmù kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Àwẹ̀ró o! Ṣé ò ń kó lọ ni, àbí ò ń kó bọ̀?"

"Mo ń tún inú ilé ṣe ni, ìyáálé mi."

"Ògiri nìkan ni o kò tíì gbé. Bó o bá fẹ́ gbé e, pè mí kí n bá ọ rù ú."

Àgbàlá gba ẹ̀rín. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín, ó sì gbé àmù wọlé. Ọjọ́ márùn-ún ló kù.

Ìyá ní àgbébọ̀ adìyẹ pupa kan. Igun yàrá náà ni adìyẹ náà fi ṣe àba, nídìí ògiri tó jìnnà sí ìlẹ̀kùn jù. Lójoojúmọ́, ní ìyálẹ̀ta, a máa wọlé wá yé ẹyin. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, tí òfì ti wà ní ibi mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí iṣẹ́ kò sì tíì tó ìbú ọwọ́ méjì, Àwẹ̀ró wo adìyẹ náà, ó ní òun ti rí ẹni tó ń jẹ àyè ní yàrá yìí. Ó gbé odó dí apá kan. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ òwú dí apá kejì. Àárín tó ṣẹ́kù, ẹsẹ̀ ìyá tí kò ká ló wà níbẹ̀, nínà gbọọrọ. Àwẹ̀ró lúgọ sí ẹ̀yìn òfì, ó mú ìgbálẹ̀ dání.

Adìyẹ wọlé. Kò fò. Kò fi àyà ti odó. Ó dúró.

"Ó ti dé," ni ìyá wí.

"Ẹ jẹ́ kó dé. Kò sí ọ̀nà fún un lónìí."

"Má lé e. Èmi ló ń dúró dè."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Ó mọ̀ pé bí oòrùn bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, tó kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi, mo máa ń ká a. Ìwọ ni o kò jókòó rí kí o rí i."

Kò pẹ́. Oòrùn yọ́ wọlé, ó gun orí ẹní, ó kan ẹsẹ̀ ìyá. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì fa ẹsẹ̀ náà mọ́ra. Adìyẹ gba ibi tí ẹsẹ̀ ti kúrò, wọ́ọ́rọ́wọ́, ó kọjá, ó wọ àba rẹ̀, ó sì sàba lé e.

Àwẹ̀ró sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ó jókòó lórí ilẹ̀ lásán. Láti ọjọ́ kìíní ló ti ń wá ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan yóò máa wà títí. Adìyẹ kò wá irú ibi bẹ́ẹ̀. Ìgbà ló wá. Ìyá kì í sùn lọ́sàn-án. Òun náà kì í hun aṣọ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Ilẹ̀ kan náà ni ẹní àti òfì jọ ń dù, ṣùgbọ́n wọn kò nílò rẹ̀ ní wákàtí kan náà.

"Ìyá," ó ní, "bí òfì bá lè ká ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Òfì tó bá lè ká ẹsẹ̀, ara rẹ̀ ti le jù tèmi lọ nìyẹn."

Igi òòró méjèèjì tó ti ògiri, Àwẹ̀ró kò ṣí wọn. Ó gbẹ́ ihò sí wọn lára, kí igi ìdábùú òkè àti ti ìsàlẹ̀ lè máa ṣeé yọ. Ó ju okùn sí orí igi àjà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹfà, ó yọ igi ìdábùú, ó ká òwú mọ́ ọn bí ẹni ká ẹní, ó fà á sókè. Ìyá na ara rẹ̀ lórí ẹní láàárín yàrá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àwẹ̀ró sọ òfì kalẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ keje, gbogbo òwú ti wọnú ara wọn bí irun orí wèrè. Ó sunkún. Kò pariwo, ṣùgbọ́n etí ìyá gbọ́. Ìyá na ọwọ́, ó fi ìka tọ òwú náà lọ síwá sẹ́yìn. Òun náà ti hun aṣọ rí, nígbà tí ojú wà.

"Bó o bá ń ká a, bó o bá ti yí i lẹ́ẹ̀kan, fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sí i láàárín. Má jẹ́ kí òwú fara kan òwú."

"Ìyá, ẹ mọ èyí, ẹ kò sì sọ ọ́ lánàá?"

"O kò bi mí. Ò ń sáré."

Àwẹ̀ró la ọparun sí wẹ́wẹ́, ọ̀pá mẹ́tàdínlógún. Ọjọ́ keje àti ọjọ́ kẹjọ ni àwọn méjèèjì fi tú òwú náà, ọ̀kan ń fi ojú wá orí rẹ̀, ọ̀kan ń fi ìka wá ìdí rẹ̀.

Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kẹsàn-án, Látúndé dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì láti ìlú Oyèwọlé. Wọ́n gbé igi àti aṣọ tí wọn yóò fi gbé ìyá dání. Òfì ni wọ́n bá nílẹ̀, ó gba yàrá dé ẹnu ọ̀nà, ìyá jókòó ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di ìdì òwú mú lórí itan.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni Látúndé wí. "O ti mú òfì. Ìyá, ẹ jẹ́ ká máa lọ."

"Bàbá, ẹ bá mi ka ọgọ́rùn-ún," ni Àwẹ̀ró wí.

"Kí n ka kí ni?"

"Ẹ ṣáà máa kà á."

Látúndé kò kà á. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ó fi ṣe àwàdà. Àwẹ̀ró ti na ọwọ́ sí igi ìdábùú. Kí onítọ̀hún tó dé ọgọ́rin, igi ìdábùú ti yọ, òwú ti ká, òfì ti gòkè àjà, ẹní ti wà nílẹ̀, ìyá sì ti nà sórí rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé àyà.

Látúndé wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ta ló gbọ́ ọ rí, pé kí a so òfì mọ́ àjà bí ẹran gbígbẹ?"

"Ìwọ lo kọ́kọ́ gbọ́ ọ," ni ìyá dáhùn láti orí ẹní.

Àwẹ̀ró ti tún ń sọ òfì kalẹ̀. Ìyá jókòó padà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òwú nà gbọọrọ, ọ̀kan kò wọnú ọ̀kan. Látúndé dúró gbagidi sí ẹnu ọ̀nà, ó ń wá ibi tí àléébù wà, nígbà tí adìyẹ dé. Ẹsẹ̀ Látúndé dí ọ̀nà. Adìyẹ dúró dè é. Látúndé wo ilẹ̀, ó yẹ ẹsẹ̀ kan. Adìyẹ kọjá, ó gba abẹ́ òfì, ó wọ igun lọ. Ni Látúndé bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò rí nǹkan! Èmi ni mo ń da ara mi láàmú. Àyè kì í há adìyẹ kó má dé ìdí àba rẹ̀!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi ìyá.

"Látúndé."

"Ìyá."

"Ọ̀rọ̀ tó o sọ yẹn dùn. Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Ẹ̀rín ti ń kúrò nínú rẹ̀.

"Ẹnu adìyẹ ni ọ̀rọ̀ yẹn yẹ. Ìwọ ni ẹsẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà."

Látúndé wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn ọkùnrin méjèèjì. "Ẹ bá mi kí Oyèwọlé. Ẹ ní ìyá rẹ̀ wà nílé." Nígbà tí ọjà tú, ó padà wá sí yàrá náà, ó mú igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ dání. Ó ní okùn tí Àwẹ̀ró fi ń fa òfì ti ń gé, kò sì yẹ kí igi já lé ìyá lórí. Òun fúnra rẹ̀ ló gòkè lọ so ó.

Ìdí òwe náà nìyẹn, bí a ti gbọ́ ọ. Àwọn àgbà ń pa á fún ẹni tí nǹkan há fún tó sì fi ọgbọ́n rí ọ̀nà tirẹ̀, ẹni tó mọ ìgbà tó yẹ kí òun dúró àti ìgbà tó yẹ kí òun kọjá. Wọ́n ń fi í gba ẹni tó fẹ́ sọ̀rètí nù níyànjú, pé yàrá tó kéré lè gba iṣẹ́ àti oorun bí olúkúlùkù bá mọ àkókò rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbà tó bá mọ ìdí rẹ̀ kì í pa á fún ẹni tí òun fúnra rẹ̀ há mọ́ kọ̀rọ̀. Ẹni tó dí ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn kò ní ẹnu láti pa òwe yìí.