Ẹnu-Ọ̀nà Kékeré Òkè-Amọ̀

Ìyá ọkọ mi, Àṣàkẹ́, ló kọ́kọ́ sọ ìròyìn yìí fún mi, lọ́jọ́ tí mo ra àgádágodo wálé láti fi ti ẹnu-ọ̀nà kékeré tó wà lára ògiri àwa àti aládùúgbò wa. Ó gba àgádágodo náà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Ìyàwó, ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Òkè-Amọ̀ rẹ́ lo tún fẹ́ gbé wọlé yìí." Bó ṣe sọ ọ́ ni mo ṣe ń kọ ọ́. N kò bù mọ́ ọn.

Ayé ogun ni. Ilé mọ́kànlá ni Òkè-Amọ̀, ìkòkò ni gbogbo wọn ń mọ. Làníhùn yá ọ̀kẹ́ owó ẹyọ mẹ́fà lọ́wọ́ Jagun Arógundádé, ó fi sìnkú bàbá rẹ̀, kò rí i san. Ni Jagun bá rán ológò sí i. Iṣẹ́ ológò ni kó jókòó sílé onígbèsè, kó máa pa adìẹ wọn jẹ, kó máa bú wọn, títí owó á fi pé. Òfin gbà á nígbà náà. Ṣùgbọ́n Jagun ò rán ẹnì kan, ọmọ ogun méjìlá ló rán, pẹ̀lú ẹṣin. Wọ́n so ẹṣin síbi tí wọ́n ti ń sá ìkòkò, wọ́n ń de ẹrú mọ́gi lójúde. Nígbà tí adìẹ tán nílé Làníhùn, wọ́n bọ́ sílé kejì. Jagun ò wá owó. Ilẹ̀ ló ń wá, kó lè sọ ọ́ di àgọ́ ogun. Kí làwọn ará Òkè-Amọ̀ wá ṣe? Ìwà òmùgọ̀. Oníkálukú mọ ògiri rẹ̀ ga sí i, ó ti ara rẹ̀ mọ́lé. Bí ọmọ bá ké nílé kan, ilé kejì á gbọ́, ṣùgbọ́n ojúde nìkan ni ọ̀nà, ibẹ̀ sì làwọn ológò wà.

Efúnyẹmí, opó, amọ̀kòkò-kò-sán, obìnrin gíga tó ń fi apá kan gbé ìkòkò aró, gbọ́ igbe ọmọbìnrin Làníhùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó gbé ọkọ́, ó kọjú sí ògiri ara rẹ̀ tó pààlà pẹ̀lú ilé Làníhùn, ó ń dá a lu.

Làníhùn pariwo lódì kejì: "Ta nìyẹn? Gbèsè ò tó, ẹ tún ń wólé lé mi lórí?"

"Èmi ni. Sún sẹ́yìn!"

Ó gba ihò náà jáde pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́. Ológò tó di ọmọ náà mú fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ó pe gbogbo ilé jọ. "Ògiri yín ò dí ológò lọ́nà, àwa ló ń dí. Ẹ dá a lu! Ilé tó bá ké, ká dé ibẹ̀ kí itọ́ tó gbẹ lẹ́nu. Gbèsè Làníhùn sì ti di tiwa. Ibi tí a ti ń bímọ, tí a ti ń mọ ìkòkò nìyí. Kò ní di ilé ẹṣin níṣojú mi."

Ẹnì kan ní, "Ọ̀kẹ́ mẹ́fà! Ìkòkò mélòó nìyẹn?"

"Mọ ọ́n ná, kó o tó kà á."

Wọ́n dá ẹnu-ọ̀nà kékeré lu sára ògiri gbogbo ilé. Láti ọjọ́ náà, bí ológò bá dìde sí ewúrẹ́, ọgọ́ta èèyàn á yọ lára ògiri pẹ̀lú ọmọ odó. Wọn ò lù ú. Efúnyẹmí á ní, "Òfin ní kó o jókòó. Jókòó." Ó ń jókòó. Ebi lé mọ́kànlá lọ nínú àwọn ológò, ó ku ẹnì kan ṣoṣo. Títí dòní, kò sí àgádágodo lára àwọn ẹnu-ọ̀nà yẹn, a kì í sì í gba ọmọ ogun sílé.

Ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni wọ́n fi sun ìkòkò tà. Jagun fúnra rẹ̀ wá ka owó níwájú àwọn àgbà ìlú. Ó kà á títí, ó rẹ́rìn-ín. "Ó ku ogún."

Efúnyẹmí ní, "Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín."

Ogún ẹyọ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ Jagun. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Owó pé.

Ológò ká ẹní rẹ̀, ó dorí kọ ẹnu-ọ̀nà kékeré. Efúnyẹmí na ọmọ odó dí i.

"Ti àwa tá à ń gbébí nìyẹn. Gba ojúde."