Ọkọ̀ Tó Kú Sínú Igbó Apenilórúkọ

Àlọ́ o!

Àlọ̀.

Ohùn yín kéré. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ sún mọ́ mi. Ìyá àgbà, ẹ bá mi di ọmọ yẹn mú kó má sùn. Inú igbó ni àlọ́ mi gbà kọjá, ó rí ọkọ̀ kan níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó ń wà á.

Ní ìgbà kan rí, Àgbọ̀nrín ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Òdìkejì igbó ni Àwẹ̀ró fẹ́ ọkọ sí. Igbó Apenilórúkọ ni wọ́n ń pe igbó náà. Bí ẹranko bá dúró sinmi níbẹ̀, ohun kan á pè é ní orúkọ tí wọ́n fi máa ń pè é. Ẹni tó bá dáhùn kì í padà wálé. A ò sì mọ ohun tó ń pè é.

Nígbà tí Àwẹ̀ró lóyún, Àgbọ̀nrín ta gbogbo oko kòkó rẹ̀, ó fi ra ọkọ̀ tuntun. Kò torí fáàrí rà á. Ó kàn fẹ́ débi ìsọmọlórúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀ láìdúró nínú igbó yẹn ni. Awó, ẹyẹ tó ta ọkọ̀ náà, fún un ní ìwé ìtọ́jú ọkọ̀, ó sì kìlọ̀ fún un.

"Ìyá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnì yìí. Bó bá tó àkókò, ẹ gbé e padà wá fún wa."

Àgbọ̀nrín ì bá tẹ̀lé ìwé. Òkété ni kò jẹ́.

Mẹkáníìkì ni Òkété. Ó fẹ́ràn ọ́ìlì tuntun, nítorí àwọn tó ní ọkọ̀ ògbólógbòó máa ń fi agbọ̀n ẹkùrọ́ rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá kí Àgbọ̀nrín kú oríire. Ó yí ọkọ̀ náà po, imú rẹ̀ ń jó.

"Ìyá Àwẹ̀ró, àánú yín ń ṣe mí."

"Kí ló dé?"

"Ọ́ìlì ilẹ̀ òtútù ló wà nínú rẹ̀. Oòrùn tiwa á sè é gbẹ ni. Ẹ jẹ́ n fà á dànù, kí n bu àdín sí i. Àdín ti mọ ilẹ̀ yìí."

"Ìwé ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ẹni tó kọ ìwé, ṣé ó ti gba ọ̀nà wa rí? Ẹ wo ọwọ́ mi, ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe sọ ọ́ di dúdú."

Àgbọ̀nrín wo ọwọ́ náà. Ó dúdú lóòótọ́. Ó gbà fún un. Mo máa ń bínú sí i tí mo bá dé ibí yìí, ṣùgbọ́n irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ti tan èmi náà jẹ rí.

Òkété fa ọ́ìlì náà, ó ń dán bí oyin. Kò dà á nù. Inú ihò rẹ̀ ló gbé e lọ.

Àwẹ̀ró bímọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ. Òkété gbọ́ pé oúnjẹ máa pọ̀. Ó wọ agbádá, ó jókòó síwájú ọkọ̀, ó ní òun fẹ́ máa tẹ́tí sí ẹ́ńjìnì.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n dé àárín igbó. Ẹ́ńjìnì bẹ̀rẹ̀: kò, kò, kò.

"Òkété, ẹnìkan ń kan ilẹ̀kùn nínú ẹ́ńjìnì yìí."

"Àdín ló ń mọ́ ọn lára."

Kò, kò, kò. Òórùn àdín tó ń jóná gba inú ọkọ̀. Ẹ́ńjìnì nọ́ọ̀kì, ọkọ̀ dúró sábẹ́ ìrókò. Ẹyẹ ò ké, ewé ò mì.

"Ìyá mi."

Ohùn Àwẹ̀ró ni.

"Ìyá mi, ọmọ ń sunkún. Ẹ dá mi lóhùn."

Omi bọ́ lójú Àgbọ̀nrín. Ó gé ahọ́n ara rẹ̀ jẹ, kò dáhùn. Kò sí ohun tó dùn ún tó bẹ́ẹ̀ láyé rẹ̀.

Òkété fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Nígbà tí ohùn náà tún sọ̀rọ̀, ohùn bàbá arúgbó kan ni, ó rọ̀, ó tutù.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, ọkọ̀ mi tuntun rèé. Ọ́ìlì inú rẹ̀ pé, ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn án. Ṣé ẹ máa bá mi fà á?"

Ọwọ́ Òkété kúrò lẹ́nu díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíràn débẹ̀ o," ó ní. "Mo ń bọ̀."

Àgbọ̀nrín yíjú. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ò ṣí. Agbádá Òkété wà lórí àga, wọ́n ká a dáadáa.

Àgbọ̀nrín fi ẹsẹ̀ sáré já igbó. Ilẹ̀ ti ṣú kó tó dé. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ. Àwẹ̀ró yọ sí ẹnu ọ̀nà, ó pè é, "Ìyá mi." Àgbọ̀nrín na etí sókè, ó ń wò ó, kò dáhùn. Títí di òní, bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe tó bá gbọ́ ohùn.

Àwọn ọmọ Òkété kì í sì í jáde lọ́sàn-án mọ́. Wọ́n ní bí oòrùn bá ti dé àtàrí, àwọn máa ń gbọ́ bàbá àwọn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ yẹn: kò, kò, kò.

Ìdí àlọ́ mi rèé: bí ẹnìkan bá gbà yín nímọ̀ràn, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó máa gbé wọ ihò rẹ̀. Bí wọ́n bá sì pè yín, ẹ mọ ẹni tó ń pè kí ẹ tó jẹ́.

Àlọ́ o!

Ẹ ò dáhùn mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sùn.