Òjòlá Òkun Tó Gé Ìrù Ara Rẹ̀ Jẹ

Ààlọ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹun yó!

Ààlọ̀!

Ààlọ̀ mi dá pọ̀ọ́, ó bọ́ sómi, ó dá lórí Òjòlá Òkun àti ìyá arúgbó kan ní erékùṣù Ìgbìdùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Abíọ́nà ń yan ẹja létí omi. Abíọ́nà, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ń ti ọkọ̀ rẹ̀ sómi.

Ìyá ní, "Ṣé o gbé omi mímu?"

Ó ní, "Mo gbé e, ìyá mi. Yóò tó mi di ọ̀la."

Òun àti àwọn apẹja yòókù wa ọkọ̀ lọ sójú òkun.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Òjòlá dé. Ó gùn, ó gùn, ó gùn. Ó yí erékùṣù náà po títí ó fi rí ìrù kan níwájú rẹ̀. Kò mọ̀ pé ìrù òun ni. Ó bù ú jẹ, gbàmù! Ó dùn ún wọra. Ó rò ó lọ́kàn pé, "Ẹnìkan ń gé mi jẹ." Ló bá tún deyín mọ́ ìrù. Bí ara rẹ̀ ṣe di odi nìyẹn. Ọkọ̀ kò lè wọlé, ọkọ̀ kò lè jáde.

Lọ́jọ́ kejì, omi mímu tán nínú ọkọ̀ àwọn Abíọ́nà. Àwọn ará ilé ń gbọ́ ohùn wọn lókèèrè: "Òùngbẹ ń gbẹ wá o."

Ọ̀nì jáde wá, ó ní, "Ẹ fún mi láyè." Ó fi ìrù na Òjòlá, gbò! gbò! gbò! Òjòlá rò pé ẹni tó ń gé òun jẹ náà ni. Ó túbọ̀ deyín.

Erinmi ní, "Ọ̀nì, ìrù lásán lo ní. Ikùn ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́." Ó fi ikùn tì í, gìdì! gìdì! gìdì! Òjòlá túbọ̀ deyín.

Ọ̀nì ní, "Ikùn náà ńkọ́?"

Erinmi ní, "Ebi ló ń pa á."

Ìyá Abíọ́nà nu èéfín lójú, ó wọ omi dé orúnkún.

Ọ̀nì ní, "Ìyá àgbà, kí lẹ fẹ́ fi nà án?"

Ìyá ní, "Ta ló ti kí i nínú yín?"

Ìyá kúnlẹ̀ sínú omi, ó kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Bàbá, ẹ kú ìjókòó o,
*Omi ń lọ, omi ń bọ̀.*
Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o,
*Omi ń lọ, omi ń bọ̀.*
Ṣé ara le, ṣé ilé dùn?
*Omi ń lọ, omi ń bọ̀.*

Ẹ ò rí i, ilé rere ni wọ́n ti tọ́ Òjòlá. Wọn kì í kí i kó dákẹ́. Ó la ẹnu, ìrù bọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Òo, ìyá. Ara ì bá le, àfi ẹnìkan tó ń gé mi jẹ." Ó tún ní, "Ó mà ti fi mí sílẹ̀."

Ìyá ní, "Bàbá, ẹ wo ìrù yín."

Ó wò ó, ó rí ojú eyín ara rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ru. Ó na ara rẹ̀ gbọọrọ, ọ̀nà là, ọkọ̀ wọlé wọ̀ọ̀. Abíọ́nà gbé ìkòkò omi sẹ́nu.

Ìyá ní, "O ò tíì kí mi."

Ó ní, "Ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n mu èyí tán ná."

Ìdí ààlọ̀ mi nìyí: ohùn pẹ̀lẹ́ a máa la ọ̀nà tí agbára kò lè là. Ẹ máa kí ènìyàn kí ẹ tó gbé igi.

Ìyá Abíọ́nà ti kú tipẹ́. Ọ̀nà omi náà ṣì là síbẹ̀.