Igbá Méjì àti Agogo Tí Ọpọlọ Àgbà Kọ̀ Láti Rú

Kanlẹ̀kùn-lemọ́lemọ́ kì í jẹ́ kí oníṣẹ́ ṣiṣẹ́. Bí ọwọ́ méjì bá wọ igbá kan, ohun inú rẹ̀ a dà. Àwọn ni wọ́n dífá fún Ọpọlọ Àgbà, tó ń sunkún pé ohùn ń já mọ́ òun lọ́wọ́.

Ọpọlọ Àgbà ni olórí inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Òun ló ń pín iṣẹ́ gbogbo. Àbúrò rẹ̀ ni Asẹ́hùn. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Asẹ́hùn mọ̀: ó ń sẹ́ ohùn bí a ti ń sẹ́ ògì, kí ariwo lè ṣẹ́kù bí èérí, kí ọ̀rọ̀ sì jáde. Kò sí ẹni tó yára tó o. Síbẹ̀, ohùn kì í dé ìta lódindi. Ẹni tó ni ẹ̀rọ búra: bí ohùn bá tún já lọ́jọ́ ọdún, ààtàn ni òun yóò da àwọn méjèèjì sí.

Ifá ní Asẹ́hùn kò lẹ́bi, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni kò dára. Wọ́n ní kí Ọpọlọ Àgbà rú igbá méjì, agogo kan, àti igun kan nínú àká tó ń kó ohùn pamọ́ sí. Kí ó gbé igbá méjèèjì sí igun náà. Bí ó bá ń bu ohùn sí ọ̀kan, kí Asẹ́hùn máa sẹ́ ti èkejì. Ẹni tó bá parí, kí ó lu agogo. Kí wọ́n má ṣe kan ilẹ̀kùn ara wọn.

Ọpọlọ Àgbà yínmú. “Èmi tí mo ni ilé, kí n máa retí agogo ọmọ àná? Kí n tún fún un láyè nínú àká mi?”

Igbá kan péré ló rú.

Ọjọ́ ọdún pé. Ọba ń súre fún ìlú. Ọpọlọ Àgbà gbé igbá fún Asẹ́hùn, ó pa dà lọ kanlẹ̀kùn.

“Ṣé o ti ṣe tán?”

“Ó kù díẹ̀, ẹ̀gbọ́n.”

Ó tún kàn án. “Báyìí ńkọ́?”

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé iṣẹ́ lẹ rán mi ni, àbí ẹ wá ṣọ́ mi? Nígbà tí mo bá ń dá yín lóhùn, ta ní ń sẹ́ ohùn?”

Inú bí Ọpọlọ Àgbà. Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn fọ́. Ó da ohùn tuntun lé èyí tí Asẹ́hùn ń sẹ́ lọ́wọ́, méjèèjì dàpọ̀. Níta, ìre ọba já. Àwọn ènìyàn kò mọ ibi tí wọn yóò ti ṣe àṣẹ. Ẹni tó ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdérí rẹ̀.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ kàn án lórí ni Ọpọlọ Àgbà tó rú ẹbọ náà pé. Ó gbálẹ̀ igun àká, ó gbé igbá kejì síbẹ̀, ó so agogo kọ́. Asẹ́hùn sẹ́ ohùn tán, ó lu agogo. Ọpọlọ Àgbà kò lọ kanlẹ̀kùn ẹnikẹ́ni mọ́. Ohùn ọba jáde lódindi, gbogbo ìlú ní “Àṣẹ!” Ẹni tó ni ẹ̀rọ dá ìdérí padà.

Asẹ́hùn kò tún ilẹ̀kùn tó fọ́ ṣe títí di òní. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun máa rí i.

Ọpọlọ Àgbà ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn awo òun wí. Ẹni tó bá rú ìdajì ẹbọ, orí ààtàn ló ń wò. Ẹni tó bá gba ìmọ̀ràn, tó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń bá a ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ kò ní já.